Mystra Tún Ti Jí

Lágere,
Ilé-Ifẹ̀.

Gbóyè ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Àwa náà wà níbí, òjò ò jẹ́ ká gbádùn, iná ò sì dúró.

Ìjà dé nídìí D&D wa, eré ìtàn àròsọ tá a máa ń fi dáìsì ta, lálẹ́ Sátidé. Ọmọ yunifásítì kan dara pọ̀ mọ́ wa, ó ní àwòrò Mystra, òrìṣà idán inú eré náà, lòun fẹ́ ṣe. Mo ní Mystra ti kú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó wà láàyè o." Ibi tí mo ti ń pariwo pé, "Òrìṣà yẹn ti kú! Cyric ló pa á!" ni màmá mi, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀, ti ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Tíréè fò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tá a kó ẹ̀wà ọ̀hún jọ tán, dáìsì olójú 20 mi bá a wọ ìkòkò. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo tó gé e jẹ.

Ìwọ náà sọ ọ́: ní yàrá rẹ ní Sábó, ṣebí òkú la mọ Mystra sí? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pa á. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n jí wàláà àyànmọ́ Ao, ọ̀gá gbogbo òrìṣà Forgotten Realms, ayé àròsọ tá a ti ń ṣeré, Ao bínú, ó lé àwọn òrìṣà náà sọ̀ kalẹ̀ sáyé. Mystra fẹ́ fi tipá gòkè padà, Helm tó ń ṣọ́nà sì pa á. Obìnrin kan, Midnight, ló bọ́ sípò rẹ̀, ó sì gba orúkọ rẹ̀ bí ẹni jẹ oyè. Ìyẹn yé mi: ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣàlàyé ìdí tí idán fi yí padà ní ẹ̀dà kejì ìwé òfin eré náà ni. Àmọ́ ní 2008 tí ẹ̀dà kẹrin jáde, wọ́n ní Cyric àti Shar, àwọn òrìṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, tún ti pa á, idán gbogbo ayé dàrú. Ọ̀lẹ ni mo ka ìyẹn sí. Nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún máa fi dé ní 2014, ó ti jí! Ọmọ yẹn ló jàre. Ó dùn mí.

Èyí tó wù mí jù ni òfin tí Ao ṣe lẹ́yìn ìjà àkọ́kọ́: bí olùsìn òrìṣà bá ṣe pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ á ṣe tó. Ibi tí ènìyàn ò sí, imalẹ̀ ò sí. Ta ló sọ ọ́ fáwọn òyìnbó yẹn ná?

Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ kì í pa òrìṣà nítorí ìwé tuntun. Ẹnì kan á ní Ọbàtálá mu ẹmu yó ni Odùduwà fi gba iṣẹ́ ilé ayé ṣe. Bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bọ Ọbàtálá, wàá gbọ́ òmíràn. Àwọn kan tiẹ̀ ní obìnrin ni Odùduwà. Síbẹ̀ wọ́n á jọ jẹ ẹran ọdún, ẹnikẹ́ni ò ní kí èkejì lọ ra ẹ̀dà tuntun.

O rántí ìwé àwọn òrìṣà eré náà, Deities & Demigods ti 1980, tá a wá Ṣàngó títí nínú rẹ̀ tá ò rí i? Zeus wà níbẹ̀, Odin wà, hit points, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀mí, 400 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Inú bí wa nígbà yẹn. Ní báyìí, mo dúpẹ́ pé wọ́n gbàgbé wa. Ta ló fẹ́ ka iye idà tó máa pa Ṣàngó?

Jọ̀ọ́, bá mi wá àlòkù ẹ̀dà karùn-ún lọ́hùn-ún, kó o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Fi dáìsì kan sí i. Tèmi ṣì ń rùn epo.

Kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Kúnlé