Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó yí ọba po

Addis Ababa

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni ìyàwó àtàwọn ọmọ wà? Mo kí gbogbo wọn o. O ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ Haile Selassie, ọba Ethiopia àtijọ́, ti pọ̀ jù lẹ́nu mi, pé àfi bíi pé mo fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Má rẹ́rìn-ín, gbọ́ ohun tó fà á.

Ààfin rẹ̀ àtijọ́, Genet Leul, ti di ti yunifásítì báyìí. Yàrá tó ń sùn ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá sanwó á wọlé wò ó. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo wò ó ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn Kebur Zabagna, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀ṣọ́ ọba níbí.

Àṣàyàn ọmọ ogun ni wọ́n. Inú wọn ni ọba ti ṣa àwọn tó rán lọ sógun Kòríà ní 1951. Abebe Bikila tó sá máráthọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì ní Róòmù láìwọ bàtà ní 1960, tó gba góòlù, ẹ̀ṣọ́ ọba ni. Mamo Wolde tó gba tiẹ̀ ní Mẹ́síkò ní 1968, ibẹ̀ náà ló ti wá.

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn Róòmù, ọba lọ sí Bràsíìlì. Kó tó dé, ẹ̀ṣọ́ ti gbàjọba! Mengistu Neway, ọ̀gá wọn pátápátá, àti àbúrò rẹ̀ Germame ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ìjòyè mọ́ inú ààfin, wọ́n ní kí Àrẹ̀mọ ka ìkéde lórí rédíò pé ìjọba tuntun ti dé. Àmọ́ àwọn sójà yòókù ò bá wọn lọ, ìbọn sì dún nígboro. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rí i pé ó ti bọ́, wọ́n yìnbọn pa àwọn ìjòyè tí wọ́n há mọ́lé. Mulugeta Bulli wà lára wọn. Àkànní, Bulli yìí ti ṣe ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ọba rí o!

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti sú mi. Germame kàwé ní Amẹ́ríkà, ìyà tí àwọn àgbẹ̀ ń jẹ ló ń bí i nínú, mi ò sì lè bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò mú igi dání, kí lo fẹ́ fi ìbọn ṣe fún un? Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ là ń gbọ́ nípa ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tiwa. Tibí yìí, ọba ni ẹ̀ṣọ́ ta lọ́fà lẹ́yìn.

Ọba padà dé ní 17 Oṣù Kejìlá. Germame kú kí wọ́n tó rí i mú, wọ́n sì yẹgi fún Mengistu ní 1961. Ọdún yẹn náà ni ọba fi ààfin ta yunifásítì lọ́rẹ. Lójú tèmi, oorun ibẹ̀ ò dùn ún sùn mọ́. Bikila ò bá wọn lọ́wọ́ sí ìdìtẹ̀ náà. Ó tún gba góòlù ní Tokyo ní 1964, ó wá wọ bàtà lọ́tẹ̀ yìí.

Tó o bá ń bọ̀, jọ̀ọ́, gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ni kó o gbé wá. Má gbé èyí tí wọ́n fi epo pupa sí o.

Èmi ni,
Àjàní