Nọ́ńbà kan ṣoṣo la fẹ́ fi ti àkáǹtì pa nígbà tí olè bá gbé fóònù

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín, torí ó ti kọjá ohun tí à ń sọ láàárín ara wa nínú ilé.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé Ìkòròdú ní ọdún 2016 sí 2017 mọ ohun tí ojú wa rí lọ́wọ́ àwọn Badoo. Òru ni wọ́n ń wọlé tọ ìdílé, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ pa tọkọtaya tọmọtọmọ lójú oorun. Ìgbà náà ni olúkúlùkù kó owó lé irin ojú fèrèsé, géètì àti ajá, tí àwọn ọkùnrin àdúgbò ń bá OPC àti ọdẹ ṣọ́ òru. A ò tíì yọ irin yẹn, kò sì yẹ ká yọ ọ́. Ṣùgbọ́n olè tó ń dà wá láàmú báyìí kì í bá ojú fèrèsé wá. Inú bọ́ọ̀sì ló ti ń mú fóònù wa, ibẹ̀ náà ló sì ti ń wọ ibi tí owó ilé wà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni wọ́n yọ fóònù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nínú báàgì ní Máìlì 12, níbi tí èrò ti ń jà du ọkọ̀ Ìkòròdú. Ẹja gbígbẹ ló ń tà ní ọjà Sábó. Owó ọjà rẹ̀ àti owó èésú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà nínú àkáǹtì náà. Fóònù yẹn ní páásíwọ́ọ̀dù o, ọmọ rẹ̀ ló bá a fi sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́yìn ẹja. ₦100,000 jáde kí agogo méjìlá òru tó lù, ₦100,000 mìíràn jáde bó ṣe lù tán.

Mo wádìí bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Olè ò bá páásíwọ́ọ̀dù fóònù fa wàhálà kankan. Ńṣe ló yọ síìmù, ó fi í sínú fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì, nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi sì di tirẹ̀. Gbogbo OTP, nọ́ńbà àṣírí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá onílé ló ń kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ olè ló ń bọ́ sí. Káàdì ATM ẹ̀gbọ́n mi sì wà nínú póòṣì tó fi bo fóònù, bí ọ̀pọ̀ ìyá ọjà ṣe máa ń ṣe. Ní àwọn báǹkì kan, nọ́ńbà díẹ̀ tó kẹ́yìn lára káàdì ti tó láti fi ṣe PIN tuntun lórí USSD, ìyẹn kóòdù báǹkì tí à ń tẹ̀ lórí fóònù láìlo dátà. Ní ti ₦100,000 yẹn, Báǹkì Àpapọ̀ ló fi í ṣe òdiwọ̀n ohun tí ènìyàn lè fi USSD san lójúmọ́ láti ọdún 2018. Òfin tó dáa ni, òun ló jẹ́ kí ìwọ̀nba tó kù kù. Olè náà mọ òfin yìí dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi dúró de agogo méjìlá.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ la ti mọ̀ pé fóònù ti lọ, gbogbo owó náà ṣì wà níbẹ̀. Mo pe báǹkì náà. Ẹ̀rọ ní kí n tẹ 1, ó ní kí n tẹ 2, ó kọrin sí mi létí títí, ó já. Mo tún pè, ó tún já. Ní ọjọ́ Ajé tí a dé gbọ̀ngàn wọn, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ sọ fún wa pé kóòdù kan wà tí èèyàn lè tẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíràn, tí àkáǹtì á sì tì pa lójú ẹsẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, kò lè fọhùn. Báǹkì kọ̀ọ̀kan ló ní kóòdù tirẹ̀, ta ni yóò há gbogbo rẹ̀ sórí lóru tí ọkàn rẹ̀ ń jà?

Ní Èkó yìí, ọmọdé mọ 767 àti 112 tí iná bá sọ. Ní ọdún 2023, àjọ NCC tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù mú kí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa lo kóòdù kan náà: 300 láti bá wọn sọ̀rọ̀, 310 láti wo owó, 311 láti fi káàdì sí i. Kí ló wá dé tí àwọn báǹkì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báǹkì fún olúkúlùkù, ti so gbogbo àkáǹtì ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, tí yóò máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, tí yóò ti gbogbo rẹ̀ pa. Báǹkì Àpapọ̀ ló lè pàṣẹ rẹ̀.

Kí wọ́n tó dá wa lóhùn, ẹ jẹ́ ká ti síìmù wa. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SIM lock sí nínú ètò ààbò lórí fóònù. Bí ẹnikẹ́ni bá fi síìmù yẹn sínú fóònù mìíràn, yóò béèrè PIN kó tó ṣiṣẹ́. Bó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tì pa nìyẹn, àfi PUK, nọ́ńbà mẹ́jọ tó wà lára ike tí wọ́n ti yọ síìmù lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ló lè ṣí i. PIN kan ti wà lórí síìmù látilẹ̀, nítorí náà ẹ pe 300 béèrè rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kàn máa tẹ èyí tó bá sọ sí yín lọ́kàn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó ti àwọn ìyá yín ṣe é, pẹ̀lú sùúrù. Ẹ má fi ọdún ìbí wọn ṣe PIN. Kí ẹ sì bá wọn yọ káàdì ATM kúrò nínú póòṣì fóònù.

Olóòtú, ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni pé kí ẹ gba kóòdù tí báǹkì kọ̀ọ̀kan fi ń ti àkáǹtì pa lẹ́nu àwọn báǹkì náà, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní èdè Yorùbá. Orí ìwé ló yẹ kó wà, torí ohun tí a bá kọ sínú fóònù, olè á gbé e lọ pẹ̀lú fóònù ni. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó nílò rẹ̀ kì í lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ láìsí awò.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìgbógbó, Ìkòròdú.