Àjàní, Bu Erùpẹ̀ Nígbà Ọyẹ́ Náà

Kubwa, Abuja

Àjàní ọmọ mi,

O kú ọyẹ́, o kú ìwé kíkà. Bàbá rẹ ń kí ọ. Àbúrò rẹ ní o kì í gbé ìpè òun.

O ní oṣù kẹjọ nìkan lo máa bu erùpẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ lórí bakitéríà inú ilẹ̀, pé ilẹ̀ rọ̀ nígbà náà, àti pé erùpẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ti kú. Kò kú o! Ọmọ olùkọ́ bàọ́lọ́jì kọ́ ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣebí o mọ Samaru ní Zaria tí o wà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, oṣù bíi mélòó kan lè kọjá kí òjò má kán. Bakitéríà tó máa ṣẹ́kù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fara da ọ̀dá. Bacillus, ọ̀kan nínú wọn, á di ara rẹ̀ sínú èèpo líle, á sùn. Òjò gan-an tún léwu. Nínú ilẹ̀ gbígbẹ, bakitéríà a máa kó èròjà jọ sínú kí omi ara rẹ̀ má baà tán. Bí omi bá wá ya lù ú lójijì, tí kò tètè tu èròjà náà dànù, ó lè bẹ́. Birch, tó ṣiṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, kọ ọ́ ní 1958 pé bí a bá rin erùpẹ̀ gbígbẹ, carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ohun alààyè ń mí síta, á tú jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ìgò onídèérí àti lime water, omi tó ń funfun bí wàrà bí afẹ́fẹ́ náà bá kàn án, tó fún ọ láti rí i.

Èyí tó wù mí jù ni pé wọn kì í jọ jí. Ìran Bacillus kan náà ni, òjò kan náà ló pa wọ́n, síbẹ̀ àwọn kan á jí, àwọn kan á ṣì máa sùn. Àgbẹ̀ òkè Ọya tó gbọ́n náà kì í kó gbogbo irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́rọ̀. Níbi tí òjò ti ń tanni, ìran tó pín ara rẹ̀ báyìí ló ń dé ọ̀la. Níbi tí nǹkan kì í ti í yí, èyí tó mọ ohun kan ṣoṣo ṣe dáadáa lè gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n má kánjú sọ̀rọ̀. Bí Bacillus bá pọ̀ ní oṣù kìíní, tí àwọn mìíràn pọ̀ ní oṣù kẹjọ, ẹni tí àsìkò kàn ni ìyẹn fi hàn. Kò tíì sọ pé ìran kankan yí padà. Bu irú bakitéríà kan náà ní àkùrọ̀ àti lórí ilẹ̀ gíga, gbin méjèèjì sínú erùpẹ̀ tútù àti gbígbẹ, kí o wo èyí tó ṣe dáadáa níbo. Rántí pẹ̀lú pé wọ́n ń gba àbùdá lọ́wọ́ ara wọn. Ní New Zealand, àwọn olùwádìí fi hàn ní 1995 pé bakitéríà tí wọ́n fi kún irúgbìn ewéko Lotus ti fi àbùdá tó ń jẹ́ kó bá gbòǹgbò ṣe ta àwọn bakitéríà onílé inú ilẹ̀ náà lọ́rẹ.

Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Kọ ibi tí o gbẹ́ àti bí ó ṣe jìn tó sílẹ̀, fi nǹkan bo imú nítorí eruku, má sì dá lọ sí oko náà. Bàbá rẹ máa fi owó mọ́tò ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Gbé ìpè àbúrò rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ