Lẹ́tà sí Àjàní lórí ọdún Matariki

Auckland,
Oṣù Kẹfà, 2026.

Àjàní ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. O ní ìdílé ọ̀rẹ́ rẹ pè ọ́ kí o wá bá àwọn ṣe Matariki, ọdún ìràwọ̀ àwọn Māori, àmọ́ ó ń ṣe ọ́ bíi kí o wọ bàálù wálé, torí o kò fẹ́ lọ bọ ìràwọ̀. Má wálé. Dúró sí Dunedin, kí o sì bá wọn lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10 oṣù Keje, ló bọ́ sí lọ́dún yìí. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mú ọjọ́, bíi ti Iléyá, ìdí nìyẹn tí ti èṣí fi bọ́ sínú oṣù Kẹfà. Ọdún 2022 ni ìjọba New Zealand ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n ọdún tuntun àwọn Māori, àwọn onílẹ̀ New Zealand, ni látayébáyé. Má pa á pọ̀ mọ́ Kérésì àárín ọdún tí àwọn ilé oúnjẹ ń polówó nígbà òtútù yìí. Tòlótòló olówó gọbọi nìyẹn, kò kàn wá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn. Wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọọrọ, tí wọ́n ń pè ní Tautoru, kí o wá máa wo apá òsì títí wàá fi rí àwọn kéékèèké tó ṣù jọ: Matariki gan-an nìyẹn. Àgbà kan á máa ké sí wọn, wọ́n á ṣí ìkòkò oúnjẹ, èéfín á sì gòkè: ànàmọ́, ẹyẹ, ẹja odò, ẹja òkun, torí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ìràwọ̀ tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Pōhutukawa ni ti àwọn òkú. Níbẹ̀ ni kálukú ti ń pe orúkọ ẹni tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọdún. Wọ́n ń sunkún, ojú kì í tì wọ́n.

Ọmọ ìjọ ni wá, n kò ní kí o ṣe ohun tí ọkàn rẹ kò gbà. Bí wọ́n bá ń ké sí ìràwọ̀, tẹríba, kí o gba àdúrà tìrẹ sínú. Ṣùgbọ́n tó bá kan orúkọ òkú, pe Màmá Ìkìrun. Nígbà tí a sin wọ́n lóṣù Kẹrin, ìdánwò kò jẹ́ kí o bá mi lọ, orí fóònù lo ti wo ìsìnkú, o kò sì sunkún. Mo mọ̀ pé ó wà nínú rẹ. Sun ún níbẹ̀. Ki oríkì wọn, má gé e kúrú. Kò sí Māori tó máa sọ pé o pẹ́ jù, àwọn tí wọ́n ń ka ìran bàbá wọn bí ẹni ń ka ìwé.

Gbọ́ ti òtútù o. Oòrùn kì í yọ ní Dunedin lásìkò yìí kí aago mẹ́jọ tó lù, ẹ̀ẹ̀rùn Ìkìrun lo sì ṣe wá sáyé. Súwẹ́tà méjì, ìbọ̀sẹ̀ onírun, fìlà. Má lọ lọ́wọ́ òfìfo. Dín ẹja, tàbí kí o se ráìsì tó pọ̀. Bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Má jókòó sórí tábìlì, èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá sì fẹ́ yin báńgà, má bá wọn dá sí i: àwọn àgbà Māori ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kò fẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù lè bẹ̀ ọ́ kí o wá ṣiṣẹ́. Òfin ní kí wọ́n fi ìdajì lé owó wákàtí rẹ lọ́jọ́ ìsinmi bẹ́ẹ̀, mo sì mọ bí o ṣe fẹ́ràn owó. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o ní rárá.

Bùọ̀dá mi ti kọ oríkì Màmá sílẹ̀, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lálẹ́ yìí. Kọ́ ọ sórí. N kò fẹ́ gbọ́ pé o ń kà á lójú fóònù níwájú àwọn àgbààgbà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.