Sí Àdùkẹ́, nípa Hung Liu

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́.

O bi mí pé iṣẹ́ ta ni mo ń fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní sáà yìí. Ará Oakland yín ní California níbẹ̀ ni: Hung Liu, obìnrin ayàwòrán. Changchun ní Ṣáínà ni wọ́n bí i sí ní 1948, àmọ́ 1990 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní àwòrán yíyà ní Mills College, ó sì lé lógún ọdún níbẹ̀.

Ojú rẹ̀ rí tó. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àwọn Kọ́múníìsì ti bàbá rẹ̀ mọ́lé. 1994 ló tó tún fojú kàn án. Ní 1968, ìjọba Mao, olórí Ṣáínà nígbà náà, kó òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sóko, ó fi ọdún mẹ́rin roko ìrẹsì àti àlìkámà.

Fọ́tò àtijọ́ ló sábà máa ń wò yàwòrán: àwọn aṣẹ́wó, àwọn tí ogun lé kúrò nílé, àwọn tó ń fi okùn fa ọkọ̀ ojú omi, àwọn tẹ́nikẹ́ni ò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Tó bá ya ojú wọn tán, tó jọ wọ́n gan-an, á wá fi linseed, òróró tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, sí i, ọ̀dà á máa ṣàn látiwájú orí dé àgbọ̀n. Níléèwé tí èmi àtìwọ lọ, wọn ì bá ní ká lọ tún un yà! Mo fi ọ̀kan han àwọn ọmọ. Ọmọ kan ní obìnrin inú àwòrán náà ń sunkún ni. Èkejì ní rárá, fọ́tò ọ̀hún ló ń pa rẹ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i.

Èyí tó máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín ni Resident Alien (àjèjì tó ń gbé nílùú), ti 1988. Gíríìn káàdì tiẹ̀ ló yà, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Níbi orúkọ, ó kọ Fortune Cookie, bisikíìtì tí àwọn ilé oúnjẹ Ṣáínà ń fún oníbàárà ní Amẹ́ríkà, tí kò tiẹ̀ ti Ṣáínà wá. Níbi ọdún ìbí, ó kọ 1984, ọdún tó wọ Amẹ́ríkà. Ìwọ tó o retí káàdì títí ọrùn fi fẹ́ wọ́, ọdún wo ni wàá kọ?

Ó kú ní oṣù kẹjọ 2021, ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n ṣí ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní National Portrait Gallery ní Washington. Ó dùn mí.

Iṣẹ́ tìrẹ rèé: ní 2006, ó ya ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn 80 sára gíláàsì pápákọ̀ òfuurufú Oakland. Tó o bá débẹ̀, sún mọ́ ọn dáadáa kó o ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Ẹyẹ ni mo fẹ́ rí o, kì í ṣe gèlè rẹ.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́