Bí a ó ṣe mọ ibi tí oníṣẹ́ ọwọ́ wà ní Abẹ́òkúta

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà ní ìlú wa ti ń sọ ọ́ pé ó yẹ kí Abẹ́òkúta ní wẹ́bsáìtì tàbí áàpù kan tí èèyàn á ṣí, tí á fi rí púlọ́ńbà, rẹ́wáyà, télọ̀, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe tàbí ẹni tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé orí áàpù nìkan ni gbogbo ẹnu wà. Ta ni yóò rìn dé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan? Ta ni yóò tún pe nọ́ńbà náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń wọlé? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, àwọn ará Íńdíà sì ti ṣe é ṣáájú wa, a lè rí ibi tó ti gbè wọ́n àti ibi tó ti bu wọ́n jẹ.

Ní Mumbai ni V. S. S. Mani ti dá Justdial, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn wá oníṣẹ́, sílẹ̀ lọ́dún 1996. Fóònù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wá ẹni tí yóò tún fíríìjì rẹ̀ ṣe á pe nọ́ńbà kan tí kìkì 8 kún inú rẹ̀, kó má baà ṣòro rántí. Ẹni tó gbé fóònù á bi í pé iṣẹ́ wo, àdúgbò wo, á wo àkọsílẹ̀, á sì ka orúkọ àti nọ́ńbà fún un. Ọdún 2007 ni wẹ́bsáìtì wọn tó dé. Ìyẹn ni pé ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń kó orúkọ jọ, tí wọ́n ń tún un ṣe, kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bá wọn dá sí i. Wọ́n wọ ọjà ìpín ìdókòwò lọ́dún 2013, Reliance Retail sì gba ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́dún 2021. Ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí ni àkọsílẹ̀ yẹn.

Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. IndiaMART, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1996, wà fún ilé iṣẹ́ àti àwọn tó ń ra ọjà lọ́pọ̀ yanturu. Urban Company, tó ń jẹ́ UrbanClap nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 2014, kì í kàn ka orúkọ oníṣẹ́ fún èèyàn; òun fúnra rẹ̀ ló ń dá àwọn oníṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́, tó ń fi iye owó sí iṣẹ́, tó sì ń yọ tirẹ̀ nínú owó náà. Irú èyí gba owó ńlá. Ti Justdial àkọ́kọ́ ni agbára wa ká.

Àdírẹ́ẹ̀sì ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí bí tiwa ṣe rí ni tiwọn rí. Láti ọjọ́ 15 oṣù Ògún ọdún 1972 ni Íńdíà ti ní kóòdù ìfìwéránṣẹ́ oní-nọ́ńbà mẹ́fà, síbẹ̀ èèyàn ṣì ń kọ "ní ìdojúkọ tẹ́ńpìlì" tàbí "lẹ́yìn sinimá" sí àdírẹ́ẹ̀sì. Àwa náà ní nọ́ńbà mẹ́fà ti NIPOST, àmọ́ kò sí ọlọ́kadà tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ní Íńdíà kò bá ìwà yìí jà. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àmì ibi tí gbogbo èèyàn mọ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe máa rí níbí. Bí ẹnì kan bá kọ "Rẹ́wáyà, Láfẹ́ńwá, Abẹ́òkúta", kò tíì kọ nǹkan kan. Ohun tó yẹ kó kọ ni: "Rẹ́wáyà. Ó ń tún iná mọ́tò, sítátà àti alternator ṣe. Kì í tún AC ṣe. Láfẹ́ńwá: bí o bá ń bọ̀ láti Ìta-Òṣìn, ọwọ́ òsì, kí o tó dé afárá odò Ògùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta bátìrì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣí ní Sunday. Ó ń lọ bá mọ́tò tó bá kú sójú ọ̀nà." Ibi tí èèyàn ti ń bọ̀ ṣe pàtàkì, torí ọwọ́ òsì ẹni tó ń lọ ni ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń bọ̀. Kí a sì kọ iṣẹ́ tí kì í ṣe pẹ̀lú. Ó ń gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ìrìn òfo.

Àmì ibi náà máa ń yí padà. Báńkì Skye di Polaris lọ́dún 2018, Diamond wọ inú Access lọ́dún 2019, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ló ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilé epo náà ń pààrọ̀ ẹni tó ni ín. Kí a kọ orúkọ tuntun, kí a fi ti tẹ́lẹ̀ kún un.

Nọ́ńbà fóònù ni ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Nọ́ńbà wa jẹ́ mọ́kànlá, òdo ló sì bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to àkọsílẹ̀, bí ìgbà tí a ń tẹ iye owó, Excel á jẹ òdo iwájú, nọ́ńbà á ku mẹ́wàá, ẹni tó bá sì pè é kò ní rí i pè. Kí a tó tẹ nọ́ńbà kankan, kí a yan gbogbo òpó (column) tí nọ́ńbà máa wà, kí a sọ ọ́ di Text. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí a yọ òdo iwájú, kí a fi +234 sí i. Síbẹ̀, Text náà ni kó jẹ́, torí Excel á tún gbé àmì + jù nù. Bí a bá fẹ́ ṣe ìlà wa.me tí èèyàn á fọwọ́ kàn tí á gbé e lọ sí WhatsApp oníṣẹ́ náà, 234 láìsí + àti láìsí òdo ni a ó lò.

Nọ́ńbà yìí kan náà ni a ó fi mọ èyí tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ kò ṣe é fi mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lè wọlé bí "Ìyá Bíọ́dún", kó tún wọlé bí orúkọ tó wà lára páálí ìta, kó tún wọlé pẹ̀lú orúkọ ọkọ. Orúkọ àdúgbò náà kò ṣe é gbára lé: Pánṣẹ́kẹ́ nìkan, ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà kọ ọ́ kò lóǹkà.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà tún wà ńbẹ̀, àwọn tó ń kọ áàpù kì í sì í rántí rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ lè jẹ́ lẹ́tà kan, ó sì lè jẹ́ o tí wọ́n fi àmì sí nídìí. Ojú wa kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á ní Ọbántokò méjì ló wà, á sì gbé ìdajì àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó ń wá wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní NFC. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ní òpó méjì: ọ̀kan tí àmì rẹ̀ pé, tí èèyàn á máa kà, àti ọ̀kan tí kò ní àmì rárá, lẹ́tà kékeré gbogbo, tí kọ̀ǹpútà á máa wá nǹkan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ "obantoko" á rí i, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì á rí i.

Irú iṣẹ́ náà ńkọ́? Ẹnì kan á tẹ télọ̀, òmíràn á tẹ aránṣọ, àwọn ọmọ ìwòyí á tẹ fashion designer. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé wọn dé ibì kan náà. Àmọ́ níbi tí iṣẹ́ ti yàtọ̀, kí a má dà á pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú ló ń rẹ aṣọ láró. Àwọn kan ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àwọn kan ń ṣe oníkó, àwọn kan sì kàn ń rà á, wọ́n ń tà á. Níhìn-ín, ọgbọ́n IndiaMART ló yẹ ká yá lò: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, wọ́n máa ń kọ iye tó kéré jù tí wọ́n lè tà àti iye owó ẹyọ kan. Oníbàárà tó wà ní Èkó tó fẹ́ yáàdì 200 fún aṣọ ẹbí fẹ́ mọ̀ bóyá aláró yìí lè ṣe àwọ̀ kan náà dé òpin, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà, àti eélòó ni àsansílẹ̀. Kí ìyẹn wà nínú àkọsílẹ̀.

Wàyí o, ibi tó ti bu wọ́n jẹ. Lórí irú ìkànnì wọ̀nyí ní Íńdíà, bí oníbàárà bá fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ń wá ẹni tí yóò tún AC ṣe, wọ́n lè tà á fún oníṣẹ́ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó tó ṣẹ́jú, fóònù ti ń dún láti ọ̀tún láti òsì. Oníṣẹ́ náà ń ráhùn, torí ó sanwó fún oníbàárà tí àwọn mìíràn ti pè. Ẹ jọ̀ọ́, kí a má gbé ìyẹn wọ Abẹ́òkúta. Kí oníbàárà rí nọ́ńbà oníṣẹ́, kó pe ẹni tó wù ú, ó parí. Owó táṣẹ́rẹ́ lọ́dọọdún lọ́wọ́ oníṣẹ́ ló yẹ kó gbé iṣẹ́ náà dúró. Bí ẹnì kan bá sì sanwó kí orúkọ òun wà lókè, kí wọ́n kọ "ìpolówó" sí i gàdàgbà. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Kí ẹni tó ń gba orúkọ gba àṣẹ oníṣẹ́ náà, kó sì kọ ọjọ́ tó gbà á sílẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn gbájúẹ̀. Ní Íńdíà, wọ́n máa ń fi nọ́ńbà tiwọn sí abẹ́ orúkọ báńkì lórí ìkànnì àti lórí máàpù. Ẹni tí owó rẹ̀ há á pè é, á ka OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, fún wọn, owó á sì fò lọ. Nítorí náà, kí àkọsílẹ̀ wa má gba nọ́ńbà báńkì rárá. Èyí tó wà lẹ́yìn káàdì ATM ni kí èèyàn pè. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà oníṣẹ́ kan, kí a kọ́kọ́ pe nọ́ńbà àtijọ́. Bí kò bá wọlé, kí ẹnì kan dé ṣọ́ọ̀bù.

Kí oníṣẹ́ má jókòó máa dúró dè wá o. Ọ̀fẹ́ ni láti fi ṣọ́ọ̀bù sórí Google Maps. Ẹni tó bá pè yín pé ẹ san owó kí òun tó lè forúkọ yín sílẹ̀ níbẹ̀, irọ́ ló ń pa. Orúkọ tó wà lára páálí gan-an ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá to "télọ̀ tó dára jù ní Abẹ́òkúta" mọ́ ọn, wọ́n lè dá a dúró. Irú iṣẹ́ kan ni olórí, ẹ lè fi mẹ́sàn-án mìíràn kún un, àlàyé kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 750 lọ. Wọ́n sábà máa ń béèrè fídíò kí wọ́n tó gbà pé tiyín ni: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òpópónà, kí àyíká hàn, ẹ dé ibi páálí, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ fi irinṣẹ́ hàn, láìdá fídíò náà dúró láàárín. Iwájú ṣọ́ọ̀bù gan-an ni kí ẹ duro sí nígbà tí ẹ bá ń fi àmì sórí máàpù. Ẹni tó bá jókòó sílé fi í lè gbé oníbàárà lọ sí yàrá rẹ̀.

Ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àti ẹgbẹ́ onídìrí ti ní ìwé orúkọ, wọ́n sì ń ṣèpàdé. Àdúgbò kan, iṣẹ́ kan, ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Kí a máa pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èyí tí kò bá wọlé ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a yọ ọ́ kúrò lójú títí ẹnì kan yóò fi dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè ràn wá lọ́wọ́, Olóòtú. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń ka ìwé ìròyìn yín kì í wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá yọ̀ǹda ìdajì ojú ìwé kan lọ́sẹ̀, tí ẹ ń tẹ orúkọ oníṣẹ́ ogún láti àdúgbò kan, Kútọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, Àsẹ̀rò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á wúlò púpọ̀. Ẹ kàn bá wa kọ ọjọ́ tí wọ́n pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gbẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, Abẹ́òkúta.