Lẹ́tà sí Àǹtí mi tí ẹsẹ̀ ń jó bí iná

Àǹtí mi, ẹ kú ìfaradà o. Mo ti rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, fítámì B6 yín ti lọ sókè gan-an, ẹ sì ń sọ pé ẹ ò lo fítámì kankan. Mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo nǹkan tó ń wọlé sẹ́nu yín jáde sórí bẹ́ẹ̀dì, tóníìkì ẹ̀jẹ̀, B.co (àpapọ̀ àwọn fítámì B) tẹ́ ẹ kì í kà sí oògùn, ẹnájì dírínkì tẹ́ ẹ máa ń mu ní ṣọ́ọ̀bù, àti oògùn nerve, ìyẹn iṣan tá a fi ń mọ nǹkan lára, tí wọ́n tà fún yín ní kẹ́místì nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín. Ẹ wá pyridoxine lára páálí wọn, B6 náà nìyẹn.

Ohun tí ara ń fẹ́ lóòjọ́ ò tó mílígíráàmù 2, oògùn nerve kan ṣoṣo sì lè ní 100 tàbí 200 nínú! Nǹkan tí wọ́n ní kó tún iṣan ṣe, tó bá ti pọ̀ jù, òun náà ló ń ba iṣan jẹ́, ó dùn mí pé wọn kì í sọ ọ́ fún àwọn tó ń rà á. Láti 1983 làwọn dókítà Amẹ́ríkà ti kọ nípa àwọn èèyàn 7 kan tó ń lo B6 gíráàmù 2 sí 6 lóòjọ́ tí ìrìn wọn dàrú, ní 2023 àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù wá ní kó má kọjá mílígíráàmù 12 lóòjọ́. Tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ dá a dúró, tí ẹsẹ̀ tó ń jó yín wá tún le sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má bẹ̀rù, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì kó tó rọlẹ̀.

Tẹ́ ẹ ò bá rí B6 lára páálí kankan, ẹ ní kí dókítà wo alkaline phosphatase yín, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ara tú B6 palẹ̀ ni, ó máa ń wà nínú àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀. Tó bá ga ni wọ́n máa ń pariwo, tó bá kéré wọ́n á fò ó, bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà tí wọ́n bí i mọ́ pé tiwọn kéré, B6 á wá máa kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀ wọn láìlo nǹkan kan.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n torí B6 pa fáìlì yín dé o. Ṣúgà yín ńkọ́? Metformin, oògùn ṣúgà tẹ́ ẹ ti ń lo látọjọ́ yìí, lè fa B12 wálẹ̀, ìyẹn náà ń mú ẹsẹ̀ jóni, kí wọ́n yẹ ẹ́ wò, kí wọ́n wo tháírọ́ìdì àti kíndìnrín náà.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lónìí, mo fẹ́ kà wọ́n tán ká tó jọ lọ rí dókítà.